Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Mo Fẹ́ Di Oníròyìn Eré Ìdárayá

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lórí iṣẹ́ ìròyìn eré ìdárayá pọ̀ ju ohun tí ojú ewé yìí lè gbà lọ, torí náà mo mú àwọn tí ìbéèrè wọn jọ ti ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì gé àwọn míì kúrú. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù torí òun lẹ bi mí jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 19 ni mí, ìṣirò owó ni mò ń kà ní yunifásítì. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan tí mi ò mọ ìtàn ẹ̀, gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń sọ pé oníròyìn eré ìdárayá ló yẹ kí n jẹ́. Ṣé kí n fi ohun tí mò ń kà sílẹ̀ kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Ọmọ Bọ́ọ̀lù)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má fi ẹ̀kọ́ ẹ sílẹ̀ o. Ẹni tó mọ ìṣirò owó ṣọ̀wọ́n láàárín àwa tá à ń kọ ìròyìn eré ìdárayá, bẹ́ẹ̀ owó ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nǹkan tá à ń kọ: àdéhùn agbábọ́ọ̀lù, gbèsè ẹgbẹ́, owó tẹlifíṣàn, ta ló ra ẹgbẹ́ yìí, ibo ló ti rówó ọ̀hún. Gbogbo ẹ̀ wà nínú ìwé ìṣirò tí ẹgbẹ́ ń gbé jáde, ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣí tá a tún máa ń pa dé torí kò yé wa. Ìwọ á kà á, á sì yé ẹ. Parí ẹ̀, kó o máa kọ́ iṣẹ́ ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Kò pọn dandan kéèyàn ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ìròyìn kó tó wọ iṣẹ́ yìí. Ó dáa kéèyàn ní i, torí níbẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ́ ẹ ní òfin ìbanilórúkọjẹ́, bí wọ́n ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde, bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé nígbà tí àsìkò ò dúró deni. Àmọ́ mo ti bá àwọn tó ka òfin ṣiṣẹ́, mo ti bá àwọn tó ka ìtàn ṣiṣẹ́, àtàwọn tó ti fi ẹsẹ̀ ara wọn sáré nínú ìdíje rí, ohun tí olóòtú sì kọ́kọ́ máa ń bi gbogbo wọn ò yàtọ̀: kí lo ti kọ, jẹ́ kí n rí i.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mímọ̀ tó o mọ ìtàn ẹgbẹ́ dáa, àmọ́ kò tíì di iṣẹ́. Ẹni tó wo ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ti rí góòlù yẹn látọ̀tún látòsì kó o tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bí kò bá sì wò ó, fóònù ẹ̀ ti sọ iye ayò fún un. Kí ló wá fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ? Ohun tí kámẹ́rà ò yà ló fẹ́ gbọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ ẹni tó gbá a sáwọ̀n, ìdí tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi yọ ẹni tó ń ṣe dáadáa, bóyá òótọ́ lohun tí alága ẹgbẹ́ sọ níwájú gbogbo ayé. Ìyẹn ni wọ́n máa sanwó ẹ̀ fún ẹ.

Torí náà, má dúró de ìgbà tí wọ́n máa fún ẹ ní káàdì oníròyìn kó o tó bẹ̀rẹ̀. Lọ síbi tí oníròyìn kankan ò lọ, ìdíje àwọn ọmọ ilé ìwé, líìgì kékeré, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin, ibi tí wọ́n ti ń gbá tẹníìsì orí tábìlì. Mú ìwé kékeré kan dání, fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ibẹ̀ ni kó o máa kọ ìṣẹ́jú sí. Báyìí ló ṣe máa rí: «Ìṣẹ́jú 23, nọ́ńbà 7 gba ọ̀tún yọ, krọ́ọ̀sì, aṣọ́lé gbá a dànù. Ìṣẹ́jú 31, nọ́ńbà 4 jókòó sílẹ̀, ó di itan mú, kóòṣì ò pààrọ̀ ẹ̀. Ìṣẹ́jú 38, ọ̀nà nọ́ńbà 4 ni wọ́n gbà wọlé, góòlù.» Ṣó o rí i? Ìròyìn ti wà nínú ìlà mẹ́ta yẹn kó o tó dé ilé, ìbéèrè tó o máa bi kóòṣì náà ti wà níbẹ̀, pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi nọ́ńbà 4 sórí pápá fún ìṣẹ́jú méje lẹ́yìn tó ti fara pa. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù nìkan ò ní rí nọ́ńbà 4 rárá.

Bó o bá wá dé ọ̀dọ̀ kóòṣì, má bi í pé báwo ló ṣe rí lára yín. Gbogbo wọn ló ní ìdáhùn ìyẹn lápò: inú wa dùn, àwọn ọmọ gbìyànjú, à ń wo ìdíje tó kàn. Mú nǹkan kan pàtó tó o rí, bi í nípa ẹ̀, kó o sì dákẹ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í lè dákẹ́, wọ́n á béèrè tán wọ́n á tún máa fún ẹni náà ní ìdáhùn. Kó o tó fi agbábọ́ọ̀lù kankan sílẹ̀, ní kó kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ẹ fúnra ẹ̀, torí orúkọ tó o bá ṣì kọ, ìyá ọmọ yẹn máa rí i, kò sì ní gba nǹkan míì tó o kọ gbọ́ mọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni kó o kọ ọ́, kó má ju ojú ewé kan lọ. Bó o bá ti ní irú ẹ̀ bíi mẹ́wàá lọ́wọ́, o ti ní ohun tó o lè gbé síwájú olóòtú nìyẹn.

Má sì fi bọ́ọ̀lù nìkan ṣe é. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo yín fẹ́ kọ, ìdí nìyẹn tí àyè ò fi sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé ìròyìn ń wá ẹni tó mọ eré sísá, ẹni tó mọ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ẹni tó mọ ìwé òfin wọn. Jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn ẹ́. Ní July 24, 2022, ní Eugene, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Tobi Amusan sá eré mítà 100 tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 nínú sẹ̀mí-fáínà ìdíje àgbáyé eré sísá, ó fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé 12.20 tí Kendra Harrison ti fi lélẹ̀ láti ọdún 2016. Ọjọ́ yẹn kan náà ló sá àṣekágbá ní 12.06, ó gba wúrà. Ẹni tí ò mọ òfin á sáré kọ ọ́ pé rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun tún ti dé. Rárá o! Atẹ́gùn tó ń ti àwọn sárésáré lẹ́yìn nínú àṣekágbá yẹn jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òfin sì ní bó bá ti ju 2.0 lọ, wọn ò ní kà á kún rẹ́kọ́ọ̀dù. Wúrà ẹ̀ dúró digbí, àmọ́ 12.12 ló wà nínú ìwé. Nọ́ńbà kékeré yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ti bọ́ọ̀lù náà, òfin 17 péré ni, IFAB, àjọ tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù, gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kà á láti òkè délẹ̀, ó máa yà ẹ́ lẹ́nu iye àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí afẹ́fẹ́ tí wọn ò tíì kà á rí.

Nǹkan kan ló kù. Kọ́ iṣẹ́ ìròyìn lápapọ̀, má kọ́ ti eré ìdárayá nìkan. Ní September 5, 1972, tí àwọn agbébọn wọ ibùgbé àwọn eléré ìdárayá ní ìdíje Olympic ní Munich ní Jámánì, èèyàn 11 nínú ikọ̀ Ísírẹ́lì ló bá ọ̀rọ̀ yẹn lọ, àwọn oníròyìn tó wá síbẹ̀ láti ka mẹ́dàlì ló di pé wọ́n ń ròyìn ikú fún gbogbo ayé. Ọjọ́ tó máa kan ìwọ náà kì í sọ tẹ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, obìnrin ni mí, ètò eré ìdárayá ni mò ń ṣe lórí rédíò. Bí mo bá ti wọ àárín àwọn oníròyìn ọkùnrin, wọ́n á ní kí n ṣàlàyé ọfusáìdì káwọn lè mọ̀ bóyá mo mọ bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan tiẹ̀ ní torí pé obìnrin ò lè wọ yàrá tí agbábọ́ọ̀lù ti ń pààrọ̀ aṣọ, iṣẹ́ mi ò lè pé láéláé. Ó ti ń sú mi o.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi obìnrin, lẹ́tà ẹ bí mi nínú gan-an ni, kì í ṣe sí ẹ. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yàrá yẹn ní kóòtù tipẹ́tipẹ́, kóòtù sì ti dáhùn. Ní 1977, Melissa Ludtke ń ṣiṣẹ́ fún Sports Illustrated, ó lọ ròyìn àṣekágbá bésíbọ́ọ̀lù ní New York, àwọn aláṣẹ eré náà ní kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ ń wọlé sí tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn eléré lẹ́nu wò. Iléeṣẹ́ ẹ̀ pẹjọ́. Ní 1978, Adájọ́ Constance Baker Motley sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí pé ó jẹ́ obìnrin dí i lọ́wọ́ iṣẹ́, pé bí wọ́n bá fẹ́ bo ìhòòhò àwọn eléré, ọ̀nà míì wà tí wọ́n lè gbà ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ̀ ń rìn lójú ọ̀nà yẹn.

Nínú bọ́ọ̀lù pàápàá, ọ̀pọ̀ ìdíje ńlá ò gba oníròyìn kankan láàyè nínú yàrá yẹn, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Gbogbo wa la jọ máa ń dúró sí mixed zone, ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà kọjá lọ sínú bọ́ọ̀sì wọn, ẹni tó bá mọ ìbéèrè bi ló máa dá wọn dúró. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn fún ẹ ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìdánwò ọfusáìdì. Bó o bá fẹ́ dáhùn, dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kó o ní kí òun náà ṣàlàyé ìgbà tí ẹni tó wà ní ọfusáìdì ò jẹ̀bi, kó o sì máa bá iṣẹ́ ẹ lọ. Àmọ́ bó bá ti kúrò ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, tẹ́nì kan fọwọ́ kàn ẹ́ tàbí tó ní kó o wá bá òun ní hòtẹ́ẹ̀lì kóun tó fún ẹ ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kọ ọjọ́ sílẹ̀, kọ àsìkò, kọ ohun tó sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kó o sì sọ fún olóòtú ẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí olóòtú bá fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, gbé e lọ bá ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn. Kò sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó tó bẹ́ẹ̀, ẹni yòówù kó jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ìwé ìròyìn tí mò ń kọ̀wé fún fẹ́ kí ìròyìn ti dé ọwọ́ àwọn bí rẹfirí bá ṣe ń fọn fèrè ìkẹyìn. Láìpẹ́ yìí, wọ́n gbá góòlù méjì sáwọ̀n ẹgbẹ́ tó ń borí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 88, gbogbo ohun tí mo ti kọ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbà tó jù wá lọ. May 26, 1999, ní pápá Camp Nou ní Barcelona, nínú àṣekágbá Champions League, Bayern Munich ti gbá ọ̀kan wọlé láti ìṣẹ́jú kẹfà, ẹsẹ̀ Mario Basler ni, ayò kan sí òdo ló sì wà títí 90 ìṣẹ́jú fi pé. Ẹ wo iye oníròyìn tó máa ti kọ ọ́ tán pé Bayern ló gba ife! Àfikún àsìkò ni Teddy Sheringham fi dá a padà fún Manchester United, kí ẹnikẹ́ni tó mí, Ole Gunnar Solskjær tún ti gbá ìkejì wọlé, kọ́nà ni méjèèjì ti wá, àwọn méjèèjì ló sì wọlé látorí bẹ́ǹṣì. Ohun tó yẹ kó o rí níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí Sheringham wọlé, àti ìgbà tí Solskjær wọlé, ti ní ìròyìn tuntun lọ́wọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àtijọ́ ti bàjẹ́.

Àárín ni kó o ti máa bẹ̀rẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ látorí. Bí ààbọ̀ àkọ́kọ́ bá parí, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tààrà, láìsọ pé ẹnì kan ló ni ọjọ́ náà. Ìyẹn ò ní yí padà mọ́ ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Láti ìṣẹ́jú 70, kọ orí méjì sílẹ̀, ìyẹn ìpínrọ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ẹ, ọ̀kan fún bó bá parí báyìí, ọ̀kan fún bí wọ́n bá ta ọ̀mì. Má lo àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ti ilẹ̀kùn pa nínú àárín ìròyìn ẹ, irú bíi «góòlù tó parí ìjà» tàbí «ọwọ́ ẹ̀yìn tí ò ṣeé kọjá». Kọ «góòlù tó wọlé ní ìṣẹ́jú 34», kó o tẹ̀ síwájú. Bí fèrè bá dún, orí nìkan lo máa lẹ̀ mọ́ ọn, wo iye ayò, wo orúkọ àwọn tó gbá a wọlé, wo ìṣẹ́jú wọn, ó tó. Ọ̀rọ̀ tí kóòṣì bá sọ lẹ́yìn náà, fi í sínú èyí tó o máa tún ṣe kí ìwé tó wọ ìtẹ̀wé tàbí kí wọ́n tó sọ ọ́ di tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí orí yẹn bá ń fún ẹ ní wàhálà, béèrè lọ́wọ́ ara ẹ pé tí ọ̀rẹ́ mi bá pè mí nísinsìnyí kí ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún un? O ò ní sọ fún un pé ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí gbogbo èèyàn ti ń retí wáyé lónìí. Wàá ní «wọ́n ti ń kó ife bọ̀, ni Solskjær bá na ẹsẹ̀.» Kọ ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Lẹ́yìn ìpàdé oníròyìn, akọ̀wé ẹgbẹ́ kan pín àpò ìwé fún wa, owó wà nínú ẹ̀, ó ní owó mọ́tò ni. Gbogbo àwọn tó kù gbà á. Mi ò fẹ́ dà bí ẹni tó ń ṣe àṣejù.

ÌDÁHÙN: Dá a padà. Má bú ẹnikẹ́ni, má wàásù, ṣáà sọ pé «ẹ ṣé sà, iléeṣẹ́ mi ò gbà wá láyè,» kó o sì sọ fún olóòtú ẹ. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ yẹn ò bá sanwó agbábọ́ọ̀lù, ìwọ ló yẹ kó kọ ọ́, báwo lo ṣe fẹ́ kọ ọ́?

Ẹ rántí David Walsh ti Sunday Times ní London. Nígbà tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún Lance Armstrong tó ń gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ gígùn, lọ́dọọdún, 1999 sí 2005, òun ń béèrè bóyá oògùn wà ńbẹ̀. Armstrong pe ìwé ìròyìn náà lẹ́jọ́, wọ́n sanwó fún un kí ọ̀rọ̀ lè parí. Ní 2012, wọ́n gba gbogbo ife méjèèje lọ́wọ́ ẹ̀, ní January 2013 ó fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ lórí tẹlifíṣàn, ìwé ìròyìn náà sì gba owó padà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá ti gba nǹkan lọ́wọ́ Armstrong ò lè béèrè ìbéèrè yẹn, ìyẹn ló ṣe dùn mí bí mo bá rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi àpò ìwé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Tẹ́tẹ́ ńkọ́? Má ta á lórí eré tó ò ń ròyìn. O máa ń gbọ́ nǹkan kí gbogbo ayé tó gbọ́, ta ló fara pa, ta ni ò ní wọlé, nǹkan tó o bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, òǹkàwé ẹ ló ni ín.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ fi iṣẹ́ yìí ṣe ohun tó máa jẹun. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé owó wà níbẹ̀? (Bàbá Kan)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó bínú sí i. Owó ìbẹ̀rẹ̀ kéré, mi ò ní pa irọ́ fún yín, iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ àti iṣẹ́ alẹ́ sì ni, ìgbà tí àwọn ẹlòmíì bá ń sinmi làwa ń sáré. Ọ̀pọ̀ ló ń ta ìròyìn wọn fún iléeṣẹ́ bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà torí ti ibì kan ò tó. Àwọn tó rí jẹ níbẹ̀ làwọn tó ní nǹkan míì lọ́wọ́ mọ́ kíkọ̀wé: wọ́n lè ya fídíò kí wọ́n sì gé e, wọ́n lè sọ̀rọ̀ lórí rédíò, wọ́n gbọ́ èdè míì. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ìkan nínú wọn kó tó jáde ilé ìwé. AIPS, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníròyìn eré ìdárayá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1924, ní ètò fún àwọn ọ̀dọ́ oníròyìn, kó máa ṣọ́ ìgbà tí wọ́n bá ń gba èèyàn. Kí ẹ sì ka ohun tó bá kọ, ẹ̀yin fúnra yín, òbí tó bá ń kà á ń ràn án lọ́wọ́ ju èyí tó ń bú u tàbí èyí tó ń yìn ín láìkà á.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí mò ń tì lẹ́yìn?

ÌDÁHÙN: O lè ní i lọ́kàn. Má wọ jẹ́sì wọn wá sí ibi iṣẹ́, má pariwo góòlù níbi tí àwọn oníròyìn jókòó sí, má sì gba iṣẹ́ ìròyìn wọn bó bá jẹ́ pé bí wọ́n bá pàdánù o ò ní lè sùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, èwo ló dáa jù, kí n gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù àbí kí n máa kọ ọ́?

ÌDÁHÙN: Ṣe méjèèjì. Sọ fún ẹni náà pé ò ń gbà á sílẹ̀, gbé fóònù síbi tí ojú ẹ̀ ti lè tó o, kó o sì máa kọ àsìkò tó bá sọ nǹkan pàtàkì sínú ìwé ẹ, bíi «4:10, ọ̀rọ̀ nípa àdéhùn», kó o má bàa máa gbọ́ ogójì ìṣẹ́jú láti wá gbólóhùn kan. Fóònù máa ń kú, ariwo pápá sì máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀, ọjọ́ yẹn ìwé ẹ ló máa gbà ẹ́. Bó o bá délé, tún gbólóhùn tó o fẹ́ fà yọ gbọ́ kó o tó fi í sẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, bí kò bá sì dá ẹ lójú, pè é padà, bi í.